Bí Mo Ṣe Ń Bá Wọn Dá Òtútù Dúró ní Port Harcourt

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ní orúkọ ní Yorùbá. Bí páìpù bá gbóná, èmi ni mo máa ń wé e kí gbígbóná rẹ̀ má bàa ṣòfò. Bí yàrá kan bá tutù, èmi ni mo máa ń fi nǹkan bo ògiri rẹ̀ nínú kí òtútù rẹ̀ má bàa sá lọ. Bí mo bá ṣe é dáadáa, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò rí. Ìyá mi, tó mọ iṣẹ́ gbogbo ọmọ tó bí, a máa sọ fún àwọn èèyàn ní Ìkirè pé mò ń bá òyìnbó wé nǹkan.

Mo dé Port Harcourt ní ìparí ọdún 1968, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ológun ìjọba àpapọ̀ gba ìlú náà. Agbaṣẹ́ṣe kan ló kó àwa mẹ́fà láti Ìbàdàn lọ tún páìpù wé ní ilé iṣẹ́ kan tí ogun ti bà jẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mo ti gbé ìyàwó, Àdùkẹ́ lorúkọ rẹ̀, a kò sì tíì bímọ. Mo sọ fún un pé oṣù mẹ́ta ni n óò lò.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé ilé pọ̀ ju èèyàn lọ. Ní àdúgbò D-Line, mo rí ilé alájà méjì kan tí aṣọ wà lórí okùn níwájú rẹ̀. Òjò ti pa á, oòrùn ti sá a, títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí tán. Àwọn tó sá a ti sá fún ogun, kò sì sẹ́ni tó ká a. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́, èmi náà kò sì ká a.

Ìyàlẹ́nu kejì ni ìkíni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ kí bàbá onílé wa ní Mile 3. Bàbá náà sá sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ó sáré wá di apá mi mú, ó ní kí wọ́n bu omi wá. Ó rò pé gìrì ló mú mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí i ní ìdúró, ara mi kò sì balẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà.

Ngbàtí ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Wọ́n ní kò sí ọ̀rọ̀ tí a máa sọ tí kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "nígbà tí". Mo kọ́kọ́ bínú. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu ara mi, mo rí i pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Iṣẹ́ tí a bá wá parí ní ọdún 1969. Agbaṣẹ́ṣe náà sọ fún wa pé ọkọ̀ yóò gbéra ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn márùn-ún ẹgbẹ́ mi wọ ọkọ̀. Èmi kò wọ̀ ọ́. Mi ò lè sọ pé ìgboyà ni. Ìṣirò ni mo ṣe: ní Ìbàdàn, àwa tó mọ iṣẹ́ yìí pọ̀, ibi tí wọ́n ti nílò wa kò pọ̀. Ní Port Harcourt, èmi nìkan ni mo máa mọ̀ ọ́n. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ ni kò fi sí ẹlòmíràn.

Ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì kan ní Mile 3 ni mo kọ́kọ́ lọ. Ooru ààrò rẹ̀ ń jáde débi pé ajá ìta kò jẹ́ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà. Mo ṣàlàyé fún un pé bí mo bá bá a bo ẹ̀yìn ààrò náà, igi tó fi ń dáná yóò dín kù.

"You say wetin do my oven?" ó bi mí.

Mo ní ó gbóná jù lẹ́yìn.

"Oven suppose hot," ó ní, ó sì padà sídìí ìyẹ̀fun rẹ̀.

Mo lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan. Wọ́n ní kí n mú ìwé tó ní àwòrán iṣẹ́ mi wá. Kí ni mo fẹ́ yà? Iṣẹ́ tó bá ti parí, ògiri ni. Mo bá onílé kan sọ̀rọ̀ nípa òwú dígí tí a lè tẹ́ sábẹ́ páànù kí ilé rẹ̀ lè tutù. Ó fọwọ́ kan òwú náà, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ó sì lé mi jáde. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni mo fi rìn báyìí nínú bàtà kan ṣoṣo tí mo ní. Mo kọ́ pijin gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ méje náà, nítorí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà sọ pé òun kò fẹ́ nǹkan pọ̀ nínú èdè náà.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni a ti ń pe ilé lórí tẹlifóònù. Èèyàn á kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sílé láti dá ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lè dúró síbi tí tẹlifóònù wà. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta oògùn ní Ìbàdàn ni Àdùkẹ́ lọ dúró sí. Mo tò sórí ìlà láti àárọ̀. Nígbà tí obìnrin tó ń so okùn tẹlifóònù pè mí, ohùn ìyá mi ni mo gbọ́. Ó ti wọkọ̀ wá láti Ìkirè láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ṣé o ti jẹun?" ó kígbe.

"Mo ti jẹun, Ìyá mi."

"Kí lo jẹ?"

Mo sọ ohun tí mo jẹ. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà gbọ́.

"Wọ́n ní iṣẹ́ òyìnbó ti parí. Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ máa bá wọn dá òtútù dúró ni, Ìyá mi."



"Òtútù," ìyá mi wí. "Ṣé èyí tó wà nílé kò tó ọ ni?"

Ó wá béèrè onílé mi, ó béèrè ṣọ́ọ̀ṣì, ó béèrè bóyá mo ń fi nǹkan bo àyà mi bí òjò bá ń rọ̀. Ìgbà tí yóò fi gbé tẹlifóònù fún Àdùkẹ́, àkókò wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo gbọ́ tó ní, "Oṣù mẹ́ta tí ẹ sọ..." Okùn já. Obìnrin ìdí tẹlifóònù pe ẹni tó kàn.

Mo jáde, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń sọ Ikwerre, wọ́n ń sọ Kalabari, wọ́n ń sọ pijin. Ó ye mí pé mo lè ṣàìsàn kí n sì gbádùn tán ní ìlú yìí láìsí ẹni tí yóò fi Yorùbá bi mí pé ara ńkọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn orin kan náà tí a ń kọ nílé ni wọ́n ń kọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Èmi a máa kọ ọ́ ní Yorùbá lábẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tó jókòó tì mí na etí rẹ̀ sí mi títí orin fi parí. Ó bá mi bọ ọwọ́. Ó yà mí lẹ́nu bí bíbọ ọwọ́ náà ṣe tó mi lò fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Etí omi ni mo ti rí oníbàárà mi àkọ́kọ́, mi ò sì wá a lọ síbẹ̀. Ẹja fún ọbẹ̀ ni mo fẹ́ rà. Òfin kónílé-ó-gbélé wà nílùú nígbà náà. Bí ọkọ̀ àwọn apẹja bá pẹ́ kó tó dé, àwọn obìnrin tó ń ta ẹja kò ní lè tà á tán kí àkókò tó tó, nígbà tí ilẹ̀ bá sì fi máa mọ́, ẹja ti rà. Mo rí obìnrin kan tó ń da ẹja padà sínú omi ní ẹ̀kún agbọ̀n. Ó jẹ́ obìnrin gíga, ọmọ Kalabari. Madam Ibinabo ni wọ́n ń pè é, òun sì ni olórí àwọn ẹlẹ́ja níbẹ̀. Kò sunkún, kò pariwo. Ó dà á nù bí ẹni ń da omi ìfọṣọ nù, ó sì fọ agbọ̀n rẹ̀.

Mo dúró síbẹ̀ títí mo fi gbàgbé ẹja tí mo fẹ́ rà. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo ti fi ń bá àwọn tí ara tù sọ̀rọ̀. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ ń bàjẹ́ lójú rẹ̀ ló yẹ kí n ti lọ bá.

Káfíńtà kan wà ládùúgbò wa, ọmọ Ògóni, ẹni àádọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Barika ni orúkọ rẹ̀. Mo ní kó kan àpótí ńlá kan fún mi, kó kan kékeré tí yóò wọ inú rẹ̀. Mo lọ bu èérún pákó níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, mo dì í sáàárín àpótí méjèèjì, mo fi ọ̀dà kùn ún, mo sì fi páànù tẹ́ ikùn rẹ̀. Barika bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé àpótí náà lọ sí etí omi pẹ̀lú yìnyín méjì tó tóbi dọ́gba. Mo gbé ọ̀kan sórí pákó nínú oòrùn, mo gbé èkejì sínú àpótí, mo dé e, mo sì jókòó. Àwọn èèyàn wá wò wá, wọ́n lọ, wọ́n tún wá. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, èyí tó wà lórí pákó ti di omi tán, omi náà sì ti gbẹ. Mo ṣí àpótí. Yìnyín tó wà nínú rẹ̀ kò tíì dín tó ìka méjì.

Ọkùnrin kan ní oògùn ni. Òmíràn ní mo ti pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí òun lọ tọ̀. Madam Ibinabo kò sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

"Bring another one tomorrow," ó ní. "I go guard am myself."

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó lé àpótí náà lórí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Orí rẹ̀ ló ti jẹun. Orí rẹ̀ ló ti parí ìjà àwọn obìnrin méjì. Nígbà tó dìde tó sì ṣí i, ó na ọwọ́ sínú rẹ̀, ó fọwọ́ pa yìnyín náà bí ẹni ń wo ibà lára ọmọ.

"Wetin your papa dey do?" ó bi mí.

"Farmer."

"So no be him teach you." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Make four for me."

Láàárín oṣù méjì, àpótí mi ti wọ́pọ̀ ní etí omi náà. Barika kò gba iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Mo ra bàtà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣe àṣìṣe mi.

Madam Ibinabo àti àwọn obìnrin mọ́kànlá dáwó jọ láti ní kóòdù rúùmù tiwọn, yàrá tí ẹ̀rọ máa ń mú tutù. Wọ́n rí yàrá kan gbà nítòsí omi, wọ́n rí mẹkáníìkì tó tún ẹ̀rọ ìtutù àtijọ́ kan ṣe, wọ́n sì ní kí n wá bo ògiri rẹ̀. Kọ́ọ̀kì, èèpo igi fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò, ni a fi ń ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ogun kò jẹ́ kí kọ́ọ̀kì wọ̀lú. Mo ní èérún pákó yóò ṣe é. Yóò ṣe é lóòótọ́, bí èèyàn bá fi ọ̀dà kun iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìhà kan ni mo kùn. Mò ń kánjú, nítorí oníbàárà méjì mìíràn ń dúró dè mí, orí mi sì ti ń wú.

Oṣù kan ni ó fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí òjò wá fẹsẹ̀ múlẹ̀, omi gba ìhà tí mi ò kùn wọlé. Èérún pákó náà mu omi, ó rà, ó wó lulẹ̀ nínú ògiri láìsí ẹni tó rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Madam Ibinabo kan ilẹ̀kùn mi ní Mile 3. Ó tú ewé kan lórí tábìlì mi. Ẹja ni.

"Smell am," ó ní.

Mo gbóòórùn rẹ̀.

"Na twelve people," ó ní, ó sì lọ. Ó fi ẹja náà sílẹ̀.

Barika gbà mí nímọ̀ràn gẹ́gẹ́ bí àgbà. Ó ní kí n lọ sílé fún ìgbà díẹ̀, nítorí ìdí tí àlejò fi ní ilé síbòmíràn nìyẹn. Ìmọ̀ràn náà dára. Mo di aṣọ mi sínú àpò. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dì í, mò ń ronú ohun tí n óò sọ fún Àdùkẹ́ nígbà tó bá bi mí bí iṣẹ́ ṣe lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo rí sọ kò dára. Mo tú àpò náà.

Ọkọ̀ ojú omi kan wà tó ti rì sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ẹrẹ̀, ọkọ̀ ìpẹja ńlá. Mo mọ̀ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ní yàrá yìnyín nínú ikùn. Mo lọ bẹ alábòójútó ibẹ̀. Ó ní tí mo bá lè wọ inú rẹ̀ láìkú, kí n kó ohun tí mo bá rí. Èmi àti Barika wọ inú ẹrẹ̀ dé ìbàdí, a sì rí kọ́ọ̀kì níbẹ̀, ó dúdú, ó ń rùn, ṣùgbọ́n kò rà. A fọ̀ ọ́, a sá a láàárín òjò sí òjò. Mo tú gbogbo ohun tí mo fi bo ògiri náà, mo sì tún un bò, tẹ̀yìn tẹ̀wájú ni mo fi ọ̀dà kùn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà wá. Àwọn ẹlẹ́ja kò kí mi fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún náà. Wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ìyá àgbà kan ṣoṣo láàárín wọn ló máa ń gbé gàrí àti omi sí ẹnu ọ̀nà, tí yóò sì máa wo ibòmíràn bó ṣe ń gbé e kalẹ̀.

Nígbà tí a tan ẹ̀rọ náà, ó tutù, ó sì ń tutù bẹ́ẹ̀ títí òjò fi parí. Madam Ibinabo kò dúpẹ́. Ó fi ẹja tútù ránṣẹ́ sí mi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, oníbúrẹ́dì wá sí ẹnu ọ̀nà mi.

"I hear say you dey come back if e spoil," ó ní. "Come see my oven."

Bí ọjà mi ṣe gbèrú nìyẹn. Mo ti fi ẹnu polówó fún ọ̀sẹ̀ méje, n kò rí ẹyọ kan. Iṣẹ́ tó bàjẹ́ tí mo sì padà tún ṣe ló wá polówó mi káàkiri Diobu, àdúgbò wa. Wọ́n pè mí sí ilé ìdáná ọsibítù, wọ́n pè mí sí òtẹ́ẹ̀lì tó béèrè àwòrán. Ká tó parí ọdún, àwa márùn-ún la jọ ń ṣiṣẹ́, pijin la sì ń sọ láàárín ara wa. Mo bá ara mi tí mò ń fi pijin lálàá. Mi ò sọ ìyẹn fún ìyá mi.

Ogun parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Àwọn èèyàn ń rìn padà wọ̀lú, wọ́n rù, wọ́n dúró níwájú ilé tí ẹlòmíràn ti ń gbé. Mo máa ń rò pé èmi ni àlejò. Ó wá di pé ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ ń bi mí ní ọ̀nà. Mò ń fi hàn án, ojú sì ń tì mí.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Èkó. Ọ̀kan nínú wọn rán ẹnìkan wá, Ọ̀gbẹ́ni Láoyè, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó wọ kóòtù, ó gbé ìwé àwòrán tó nípọn dání. Àwọn ẹlẹ́ja fẹ́ kọ́ kóòdù rúùmù tó tó ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́, ó sì ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ilé mi ló kọ́kọ́ wá.

"Àbúrò," ó ní, "kí lò ń wá láàárín àwọn èèyàn yìí? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ju àpótí ẹja lọ. Fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún wa, kí o bá wa lọ sí Èkó. Wàá gbowó oṣù, wàá nílé. Ìyàwó rẹ á wà lọ́dọ̀ rẹ."

Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní àbúrò. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó, ṣùgbọ́n mo ti rò ó tán kó tó dìde. Lẹ́tà Àdùkẹ́ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò gùn. Ó ní: "Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ máa bọ̀. Bí ẹ kò bá ní bọ̀, ẹ sọ fún mi kí n máa bọ̀. Ohun tí mi ò lè ṣe mọ́ ni kí n máa ka oṣù."

Àwọn obìnrin náà pe èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Láoyè sí abẹ́ ibòji wọn létí omi. Ọ̀gbẹ́ni Láoyè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀, àwòrán inú rẹ̀ dára, èmi pàápàá fẹ́ràn rẹ̀. Kọ́ọ̀kì wọn tuntun ni. Ẹ̀rọ wọn tuntun ni. Nígbà tó parí, Madam Ibinabo bi í ní ìbéèrè kan.

"If e spoil, who I go call?"

Ọ̀gbẹ́ni Láoyè ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì àwọn ní Èkó.

Madam Ibinabo yíjú sí mi. "I hear say this man wan carry you go Lagos. Na true?"

Mo ní òótọ́ ni.

"You dey go?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Ìyá àgbà tó máa ń gbé gàrí wá wà níbẹ̀. Barika wà lẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀. Ohun tí mo ti pinnu láti sọ wà lẹ́nu mi: pé n óò bá wọn rí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà. Mo la ẹnu.

"I no dey go," mo ní. "I dey."

 Madam Ibinabo kàn ní kí n wá wọn ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí láàárọ̀, kí n má pẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Láoyè pa ìwé rẹ̀ dé, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní "Ó dáa, àbúrò," ó sì dà bíi pé ó dùn ún díẹ̀ nítorí mi. Mo lọ sílé, mo kọ lẹ́tà sí Ìbàdàn. Àdùkẹ́ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé wọ́n ti ya ìyókù rẹ̀ dànù ni, nítorí "Máa bọ̀" nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ó dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a ń kun ògiri ẹ̀yìn kóòdù rúùmù tuntun náà. Onílé mi ló mú un wá. Ọ̀dà wà lọ́wọ́ mi títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó wà lójú mi, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ó kúnlẹ̀ kí mi, àwọn òṣìṣẹ́ mi dá iṣẹ́ dúró láti wò ó. Mo béèrè àwọn ará ilé. Ó ní àlàáfíà ni wọ́n wà. Mo béèrè ọ̀nà. Ó ní ọ̀nà jìn. 

Àdùkẹ́ wo ògiri náà láti òkè délẹ̀. Ó gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ níbi tó gbẹ, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó sì ní kí n fún òun ní búrọ́ọ̀ṣì kan.